Èémí, Ìró àti Ìṣísẹ̀: Àtúnyẹ̀wò Òfin Kìn-ín-ní tí Xie He Fi Lélẹ̀ fún Àwòrán Yíyà ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Àṣamọ̀

Ohun tó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi túmọ̀ òfin kìn-ín-ní tí Xie He, lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Ṣáínà, fi lélẹ̀ fún àwọn ayàwòrán ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Rídíìmù ni wọ́n pè é. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣìnà pátápátá, ṣùgbọ́n ó mú kí a máa wá ìlù tí à ń kà níbi tó jẹ́ pé èémí ni wọ́n fi ń wọn nǹkan. A gbé ẹ̀rí wa ka orí ìkọ̀wé oníbúrọ́ọ̀ṣì, ìwé orin qin àti àwòrán àkájọ. A tún bèèrè ohun tó kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n: ǹjẹ́ irú ìṣísẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé fi kọ́ni?

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ rídíìmù ní kíláàsì lítíréṣọ̀ tàbí ti orin, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn ni ìlù: ọwọ́ tó bọ́ sára awọ, tó gbéra, tó tún bọ́, pẹ̀lú àlàfo tó dọ́gba láàrin wọn. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá kà á nínú ìwé pé rídíìmù ni àwọn ayàwòrán Ṣáínà àtijọ́ fi ṣe òfin àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ wọn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlù lórí aṣọ ṣẹ́dà. Yóò ka iye òkè tó wà nínú àwòrán, yóò ka iye igi, yóò wo bí òkè kan ṣe tẹ̀ lé òmíràn, yóò sì fẹnu rẹ̀ jóná sí pé àwítúnwí ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ọ̀rọ̀ tí a fi lé e lọ́wọ́ ni kò pé.

Ta ló fi í lé e lọ́wọ́? Ní ọdún 1903, Okakura Kakuzo, ọmọ ilẹ̀ Japan tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà ìlà oòrùn Éṣíà, lo ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó ń túmọ̀ òfin náà. Herbert Giles, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Ṣáínà ní Cambridge, tún lò ó ní 1905. Laurence Binyon, tó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum, ló wá gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ òǹkàwé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1911. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí àwọn ará Yúróòpù ìgbà náà, nítorí pé àwọn náà ń wá ẹnu tí wọn yóò fi sọ pé àwòrán lè dára láìjẹ́ pé ó jọ ohun tí a yà. A kò sọ pé àwọn ọ̀gá wọ̀nyí parọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ìdajì ẹrù ni wọ́n rù dé, àwa tí a sì ti ọwọ́ wọn gbà á kò béèrè ìdajì tó kù.

Nínú iṣẹ́ yìí, ìṣísẹ̀ ni a ó máa lò dípò rídíìmù. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ orin ń lò kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo, a kò sì sọ pé tiwa ló gbọ́dọ̀ borí. Ohun tó mú wa yàn án ni pé kò sí ẹni tó ń fi rúlà wọn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó gbé e, síbẹ̀ a lè ti ìṣísẹ̀ mọ ẹni tó ń bọ̀ kí a tó rí ojú rẹ̀.

Xie He àti àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin

Xie He gbé ayé ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà lábẹ́ ìjọba Qi ti Gúúsù (479–502) àti ìjọba Liang tó tẹ̀ lé e (502–557). Ìwé kékeré rẹ̀, Guhua pinlu, pín àwọn ayàwòrán tó ti wà ṣáájú sí ìpele mẹ́fà, ó sì ṣe ìdájọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn díẹ̀. Kì í fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ìpele kẹta ló fi Gu Kaizhi sí, ẹni tí gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀, èyí sì bí Yao Zui nínú tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ ìwé tirẹ̀ láti ta kò ó.

Ìṣáájú ìwé náà ni òfin mẹ́fà wà. Èkíní ni qiyun shengdong, tí a ó tú palẹ̀ láìpẹ́. Èkejì ni pé kí ìlà búrọ́ọ̀ṣì ní egungun. Ẹ̀kẹta, kí àwòrán bá ìrísí ohun tí a ń yà mu. Ẹ̀kẹrin, kí àwọ̀ bá irú ohun náà mu. Ẹ̀karùn-ún, kí a ṣètò ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan yóò wà. Ẹ̀kẹfà, kí a máa ṣe àdàkọ iṣẹ́ àwọn àgbà láti fi gbé e lé ìran tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Kí òǹkàwé fi ẹ̀kẹfà yìí sọ́kàn. A óò padà sí i.

Ìwé Ṣáínà àtijọ́ kò ní àmì ìdánudúró. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni yóò mọ ibi tí gbólóhùn ti já. Zhang Yanyuan, tó kọ ìtàn àwọn ayàwòrán olókìkí ní ọdún 847, ka ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òfin kìn-ín-ní pọ̀ bí àpólà kan: èémí àti ìró tó wà láàyè, tó sì ń mira. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe kà á fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ṣùgbọ́n Yan Kejun (1762–1843) já a sí méjì. William Acker náà gba ọ̀nà yìí ní 1954, Qian Zhongshu sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nínú iṣẹ́ ńlá rẹ̀ tó jáde ní 1979. Gẹ́gẹ́ bí tiwọn, ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ ni orúkọ òfin, méjì tó kẹ́yìn sì ni àlàyé rẹ̀: èémí àti ìró, ìyẹn ni pé kí nǹkan wà láàyè kó sì máa mira.

Ọ̀rọ̀ gírámà lásán kọ́ ni èyí. Bí a bá gba ti Zhang Yanyuan, ìṣísẹ̀ jẹ́ ohun kan, ìyè jẹ́ ohun mìíràn, ayàwòrán sì ní láti wá méjèèjì pọ̀. Bí a bá gba ti Qian Zhongshu, ìyè ni ìtumọ̀ ìṣísẹ̀. Ibi tí nǹkan bá ti wà láàyè, a kì í tún wá ìṣísẹ̀ kún un mọ́. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló fara mọ́ ìpínyà yìí. Ní tiwa, òun la rò pé ó tọ̀nà jù, nítorí pé òfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló parí sí ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń ṣe àlàyé nínú èdè Ṣáínà àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ka èkíní bí àpólà kan yóò ní láti sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìparí yẹn ń ṣe níbẹ̀.

Èémí tó di ìró

Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, qi ló rọrùn jù láti rí ojúgbà fún ní Yorùbá. Òun ni à ń mí símú tí à ń mí síta. Òun ni ìkúùkuu tó ń gòkè lórí omi ní ìdájí. Zhang Zai (1020–1077), amòye ìgbà ìjọba Song, kọ́ni pé qi tó kó jọ ló di ohun gbogbo tí ojú rí, àti pé bí ó bá tú ká, yóò padà sí ipò tí kò ní ìrísí. Nípa báyìí, ohun kan náà ni a fi ṣe òkè àti ẹni tó ń ya òkè. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níhìn-ín: èémí ni a pè é, a kò pè é ní ẹ̀mí. Bí a bá ní ẹ̀mí, ọkàn òǹkàwé wa yóò lọ sí ohun tó yàtọ̀ sí ara, èyí sì jìnnà sí ohun tí àwọn ará Ṣáínà ní lọ́kàn.

Yun ló le. Àmì tó dúró fún ìró wà lára àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ orin sì ni tẹ́lẹ̀: bí ìró kan ṣe ń bá òmíràn ṣe déédéé. Nígbà tó yá, wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn, nípa bí ẹnì kan ṣe ń gbé ara rẹ̀ tí ìwà rẹ̀ fi ń tàn ká inú yàrá láìsọ̀rọ̀. Inú ìdílé ọ̀rọ̀ báyìí ni Xie He ti mú un. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe ìbáradọ́gba ìró níparí ìlà ewì. Ní àsìkò Yongming (483–493), lábẹ́ ìjọba Qi tí Xie He gbé, ni Shen Yue àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ohùn mẹ́rin èdè Ṣáínà síta, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin nípa bí akéwì yóò ṣe tò wọ́n. Àwa tí a ń sọ èdè olóhùn mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Nínú ewì aláìgbọdọ̀máṣe tí ìgbà Tang mú dàgbà, kì í ṣe iye sílébù nìkan ló ń gbé ìlà rìn, bí kò ṣe pé ohùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ ń dúró de ohùn tó yí padà, èyí tó yí padà náà sì ń dúró de èyí tó tẹ́.

Ẹni tí a rí pé ó ṣàlàyé yun dáadáa jù lọ ni Fan Wen, tó kọ̀wé ní ìgbà Song. Ó fi agogo ńlá ṣe àpèjúwe. Wọ́n lù ú, ìró ńlá ti kọjá, ìró mìíràn sì tún ń padà bọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yípo, ó ń lọ. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn yìí ni yun. Bí a bá fi èyí sọ́kàn, a ó rí ibi tí Giles àti Binyon ti já wa sílẹ̀. Ìlùkù ni wọ́n tọ́ka wa sí. Ohun tó kù lẹ́yìn ìlùkù ni Fan Wen ń gbọ́.

A gbọ́dọ̀ fi kún un pé ṣáájú Fan Wen, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá, Jing Hao ti ya qi àti yun sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ọ̀nà búrọ́ọ̀ṣì. Ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ohun kan nínú kókó mẹ́fà tirẹ̀. Ayàwòrán òkè àti omi ni Jing Hao. Kí ó tó di ìgbà tirẹ̀, ènìyàn àti ẹṣin ni wọ́n sábà ń fi òfin kìn-ín-ní wò; òkè kò ní ìmí. Iṣẹ́ irú tirẹ̀ ló mú kí òkúta náà wọ abẹ́ òfin.

Ìṣísẹ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba jù lọ ni ìkọ̀wé, èyí tí àwọn ará Ṣáínà kà sí iṣẹ́ ọnà tí kò kéré sí àwòrán. Ohun èlò ló fà á. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rọ̀. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ìlà yóò sanra, bí ọwọ́ bá gbé e sókè, ìlà yóò tín-ín-rín bí irun orí. Tákàdá wọn ń mu tàdáwà kíákíá. Bí òǹkọ̀wé bá dúró, tàdáwà yóò tàn ká. Bí ó bá sáré, irun búrọ́ọ̀ṣì yóò ya, funfun tákàdá yóò sì máa hàn láàrin dúdú. Kò sí pé a ń nù ún, kò sí pé a ń tún un fà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlànà wà fún ìlà tí a ń kọ́kọ́ fà àti èyí tó tẹ̀ lé e nínú àmì-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tó mọ ìwé náà kà lè fi ojú tọ ọwọ́ òǹkọ̀wé lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ibí ló ti sinmi, ibí ló ti mí, ibí ni tàdáwà ti tán lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí kò sì dúró. Àkókò tó ti kọjá wà lórí tákàdá, ó ṣeé kà bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣeé kà.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ìṣáájú ìwé ewì tí Wang Xizhi kọ ní Lanting ní ọdún 353, nígbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, tí wọ́n ń mu ọtí, tí wọ́n ń kéwì. Ìlà òòró méjìdínlọ́gbọ̀n ni, àmì-ọ̀rọ̀ 324. Nínú wọn, àmì zhi, ọ̀rọ̀ kékeré tó sábà ń ṣe iṣẹ́ tí "ti" ń ṣe ní èdè Yorùbá, wáyé ní nǹkan bí ogún ìgbà. Kò sí méjì tó bára mu. Ọ̀kan jókòó, ọ̀kan nà tàntàn, ọ̀kan ń yọ̀ lọ bí ẹni tó tẹ omi.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ó ta ko èrò ìlù tí à ń kà. Ẹni tó bá ń wá àwítúnwí yóò rí i: àmì kan náà ló ń padà wá. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn lámèyítọ́ Ṣáínà ń yìn níbẹ̀ ni pé kò padà wá rí bó ṣe lọ. Bí Wang Xizhi bá ti kọ ogún zhi tó bára mu bí ìbejì, èyí tó dọ́gba ni à bá ní, yóò sì ti kú. Kì í sì í ṣe pé ó kàn ń yí wọn padà kó lè yàtọ̀. Zhi kọ̀ọ̀kan tẹ̀ sí ibi tí àmì tó ṣáájú rẹ̀ tì í sí, ó sì fún èyí tó tẹ̀ lé e láyè. Ìmí kan ló ń gba gbogbo wọn kọjá.

Ní ìgbà Tang, àwọn kan gbé e dé góńgó. Huaisu, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà, kọ ìtàn ara rẹ̀ ní ọdún 777 lórí àkájọ tó gùn ju mítà méje lọ, tó wà ní National Palace Museum ní Taipei. Àmì-ọ̀rọ̀ 702 ló wà níbẹ̀, ní ìlà òòró 126. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pẹ̀lẹ́. Nígbà tó fi máa sún mọ́ òpin, àmì méjì péré lè gba gbogbo ìlà kan. Nípa Zhang Xu, tó ṣáájú Huaisu, Du Fu ròyìn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ewì kan ní ọdún 767 pé ìkọ̀wé rẹ̀ gbèrú nígbà tó ń wo Gongsun, obìnrin tó ń fi idà jó. Ìtàn yìí wúlò fún wa ju bó ṣe dùn lọ. Kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń di idà mú. Ìgbà tí ara obìnrin náà fi ń kó agbára jọ àti ìgbà tó fi ń tú u sílẹ̀ ló rí, ló sì gbé e sínú búrọ́ọ̀ṣì.

Orin tí a kò kọ ìwọ̀n rẹ̀

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwòrán àti ìkọ̀wé ni gbogbo èyí, pé ní ti orin, ìlù ni ìlù níbi gbogbo. Ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà mọ ìlù tí à ń kà, wọ́n sì ń kà á: nínú eré orí ìtàgé Beijing, pákó tí wọ́n ń pa pọ̀ ló ń sọ fún akọrin ibi tí ìlùkù tó wúwo wà àti ibi tí èyí tó fẹ́rẹ̀ wà. A kò gbọ́dọ̀ sọ wọ́n di ènìyàn tí kì í ka nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo qin, dùùrù olókùn méje tí àwọn ọ̀mọ̀wé kà sí olórí ohun èlò orin.

Ìwé orin qin ń sọ ìka tí a ó lò, ó ń sọ okùn tí a ó ta, ó ń sọ ibi tí ọwọ́ òsì yóò tẹ̀ nínú àmì mẹ́tàlá tó wà lára igi, ó tún ń sọ bóyá ọwọ́ yóò yọ̀ tàbí yóò gbọ̀n. Ohun tí kì í sọ ni bí ìró kọ̀ọ̀kan yóò ṣe pẹ́ tó. Ìwé tó lè sọ irú ìgbọ̀n ìka kì í ṣe ìwé tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Ó fi ìwọ̀n àkókò sílẹ̀ fún olórin. Ẹni tó bá fẹ́ ta orin àtijọ́ kan tí kò gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá kankan ní láti jókòó ti ìwé náà fún oṣù tàbí ọdún, títí ìka rẹ̀ yóò fi sọ fún un ibi tí orin náà ti ń mí. Dapu ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí.

Ìtàn Guangling San ló fi í hàn jù. Orin tí wọ́n sọ pé Ji Kang ta kí wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí ní nǹkan bí ọdún 262 ni. Ó wà nínú Shenqi mipu, àkójọ orin tí ọmọọba Zhu Quan tẹ̀ jáde ní 1425, ṣùgbọ́n etí kò gbọ́ ọ mọ́. Ní àwọn ọdún 1950 ni Guan Pinghu (1897–1967) fi sùúrù tú u, tó tún fún un ní ìṣísẹ̀. Àwọn olórin mìíràn náà ti ṣe tiwọn, tiwọn kò sì bá tirẹ̀ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ìwé kan náà ni gbogbo wọn kà. Guan Pinghu yìí kan náà ló ta Liu Shui, orin omi tó ń ṣàn, tí wọ́n fi sínú àwo orin tí ọkọ̀ Voyager gbé lọ sí òfuurufú ní 1977. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò ṣàkíyèsí bí ó ti ṣòro tó láti fi ẹsẹ̀ bá a lulẹ̀. Ìgbà tí okùn bá ń dún lọ, tí ìka ṣì ń yọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí ìró ti fẹ́ẹ̀ parẹ́, ìgbà náà gan-an ni orin náà wà. Agogo Fan Wen la tún bá pàdé.

Àkájọ tí iná jẹ

Àwòrán àkájọ ni ibi tí ìṣísẹ̀ ọwọ́ ti pàdé ìṣísẹ̀ ojú. A kì í gbé e kọ́ sára ògiri. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń tú u láti apá ọ̀tún sí apá òsì, ìwọ̀n apá kan lẹ́ẹ̀kan, bí ọwọ́ òsì ṣe ń tú ni ọwọ́ ọ̀tún ń ká. Òǹwòran ló ń pinnu ibi tí yóò ti yára àti ibi tí yóò ti dúró. Ní 1949, Zong Baihua jiyàn pé ààyè inú àwòrán Ṣáínà kì í ṣe àpótí tí a kó nǹkan sí, pé àkókò ló ń darí rẹ̀ bí ó ṣe ń darí orin. A gbà fún un, ṣùgbọ́n a rò pé ó yẹ kí ó mẹ́nu ba ọwọ́ tó ń tú àkájọ ju bó ṣe ṣe lọ.

Huang Gongwang (1269–1354) ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tó kọ ọ̀rọ̀ sára àkájọ rẹ̀ lórí òkè Fuchun ní 1350. Ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ti kọjá tí iṣẹ́ náà kò tíì parí, pé ìgbà tó bá wu òun nìkan lòun ń fọwọ́ kàn án. Ní nǹkan bí 1650, Wu Hongyu, ẹni tó ni ín, wà lórí ibùsùn ikú, ó sì pàṣẹ kí wọ́n jù ú sínú iná kó lè bá òun lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan ló fà á yọ, ṣùgbọ́n ó ti já sí méjì. Apá kékeré, tó fẹ̀ tó 51.4 sẹ̀ǹtímítà, wà ní Hangzhou. Èyí tó gùn, 636.9 sẹ̀ǹtímítà, wà ní Taipei. Ní 2011 ni wọ́n tó tẹ́ méjèèjì sójú kan ní Taipei.

Apá kékeré ni ìbẹ̀rẹ̀. Òkè ńlá kan ló wà níbẹ̀. Nínú èyí tó gùn, àwọn òkè kó jọ, wọ́n tú ká, igi ń dín kù, omi ń fẹ̀, títí a ó fi dé ibi tí ó ku omi àti eré ilẹ̀ díẹ̀, kí òkè kan ṣoṣo tó dìde ní ìparí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti apá ti Taipei dà bí ẹni tó wọ ilé nígbà tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì lè gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí omi gbalasa yẹn ń dáhùn. Deng Shiru (1743–1805), òǹkọ̀wé àti agbẹ́-èdìdì, a máa kọ́ni pé kí a ka funfun bí ẹni ń ka dúdú. Ní ìparí àkájọ Fuchun, funfun ni a ń kà jù.

Ǹjẹ́ ó ṣeé kọ́?

Guo Ruoxu, tí ìtàn rẹ̀ lórí àwọn ayàwòrán dé ọdún 1074, sọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó ba olùkọ́ lẹ́rù. Ó ní márùn-ún nínú òfin Xie He ṣeé kọ́, ṣùgbọ́n èkíní jẹ́ àbímọ́ni; ẹni tí kò bá ní in, ọjọ́ orí kò lè fún un, ọgbọ́n àrékérekè kò lè rà á. Ó tẹ̀ síwájú pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára jù láyé àtijọ́, àwọn ọlọ́lá àti amòye tó fara pamọ́ ló ṣe é.

A kò gbà. Àkọ́kọ́, ìtàn kò tì í lẹ́yìn: Wu Daozi, tí àwọn tó ń kọ ìtàn àwòrán ìgbà Tang gbé ga ju gbogbo ẹlòmíràn lọ, ọmọ aláìníbaba tó tòṣì ni wọ́n pè é. Èkejì, Guo Ruoxu gé òfin kìn-ín-ní kúrò lára ẹ̀kẹfà. Xie He fi àdàkọ sínú òfin kan náà tó fi èémí àti ìró sí. Bí ìṣísẹ̀ kò bá ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni, kí ni à ń ṣe àdàkọ fún? Dong Qichang (1555–1636) ṣe bí ẹni ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀: ó gbà pé ẹni tó bá kàwé púpọ̀, tó sì rìnrìn àjò jìnnà, lè rí nínú rẹ̀ kó jọ.

Ẹni tí a rò pé ó sún mọ́ òtítọ́ jù ni Jiang Kui (n. 1155–1221), akéwì àti olórin tó tún kọ̀wé lórí ìkọ̀wé. Ó ya oríṣi àdàkọ méjì sọ́tọ̀. Nínú ọ̀kan, a gbé tákàdá tó fẹ́lẹ́ lé orí iṣẹ́ àgbà, a sì tọ ìlà rẹ̀. Ibi tí ìlà wà yóò bára mu, ṣùgbọ́n èrò tó wà nínú búrọ́ọ̀ṣì sábà máa ń sọnù. Nínú èkejì, a gbé iṣẹ́ àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́, a wò ó, a sì fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́. Ìlà lè kúrò ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò búrọ́ọ̀ṣì a máa dé ọwọ́ wa. Ìyàtọ̀ yìí kan kíláàsì wa ju àríyànjiyàn Guo Ruoxu lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kó ka òkè inú àwòrán, títọ la kọ́ ọ. Bí a bá fún un ní búrọ́ọ̀ṣì àti àmì zhi kan, tí a ní kó kọ ọ́ nígbà ogún láìdúró, kó sì sọ fún wa ibi tó ti mí, ó lè má rẹwà o, ṣùgbọ́n yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Síbẹ̀, ìṣòro kan wà tí Jiang Kui kò tán fún wa. Iṣẹ́ Lanting ti Wang Xizhi fúnra rẹ̀ ti sọnù. Ìtàn sọ pé inú ibojì ọba Taizong ti ìjọba Tang ni wọ́n sin ín sí. Àdàkọ la ní. Èyí tí wọ́n kà sí pé ó sún mọ́ ọn jù, tó wà ní Palace Museum ní Beijing, tí wọ́n sọ pé Feng Chengsu ló ṣe é, títọ ni wọ́n tọ ọ́: wọ́n fi ìlà tín-ín-rín yí etí àmì kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n sì fi tàdáwà kún inú rẹ̀. Ọ̀nà tí Jiang Kui sọ pé ó ń pàdánù ìṣísẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó tọ ọ́ kò mí pẹ̀lú Wang Xizhi. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí ẹni ń gbẹ́ igi. Síbẹ̀, ó fara balẹ̀ débi pé ibi tí irun búrọ́ọ̀ṣì ti ya ní ọdún 353 ṣì hàn níbẹ̀, tí a lè fi ìka tọ́ka sí i.